Àrójẹ Ojú Ọ̀nà Bouaké

Kí ọkọ̀ ojú irin àti mọ́tò tó dé ilẹ̀ Yorùbá, ẹsẹ̀ ni ọkọ̀, orí ni ó sì ń ru ẹrù. Ẹni tí ó bá gbé ẹrù láti Ìlọrin lọ sí Ìbàdàn yóò rìn fún ọjọ́ mélòó kan nínú oòrùn àti eruku, kò sì sí bí ó ti lè lágbára tó tí kò ní í dúró lọ́nà. Ibi tí ó bá ti dúró láti sọ ẹrù, láti jẹun, láti mu omi àti láti fi ọwọ́ ra orúnkún, ibẹ̀ ni àwọn àgbà ń pè ní àrójẹ. Abẹ́ igi ńlá ni ó sábà máa ń wà, ní oríta tàbí lẹ́bàá odò, níbi tí ìlú tí ènìyàn ti ń bọ̀ ti jìnnà, tí ìlú tí ó ń lọ kò sì tíì sún mọ́. Àwọn obìnrin a máa gbé ẹ̀kọ, àkàrà àti ọ̀lẹ̀ lọ síbẹ̀. Bí ọlọ́jà kò bá sí nítòsí, òkúta wẹ́wẹ́ tí ó kó sí ẹ̀gbẹ́ ọjà ni yóò sọ iye owó ẹyọ tí èrò yóò fi sílẹ̀. Ìkòkò omi ní tirẹ̀ kì í ní òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ó pọn omi náà láàárọ̀, tí ó fi igbá dé e, tí ó sì gbé ahá lé e lórí, èrò kì í sábà mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ kò tíì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parẹ́, nítorí àdúgbò kan wà nílùú wọn tí ó ń jẹ́ Àrójẹ títí di òní.

Ìtàn a máa rántí ẹni tí ó rìn ọ̀nà jíjìn: jagunjagun, oníṣòwò, ajíhìnrere, eléré ìje. Ẹni tí ó dúró sí etí ọ̀nà pẹ̀lú omi kì í sábà rí àyè nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ìgbà tí àwùjọ kan wà, kí ó wo ẹni tí wọ́n ń fún lómi lójú ọ̀nà, kí ó sì wo ẹni tí wọ́n ń kọ́kọ́ bi ní orúkọ. Ní ọ̀nà tí ó ti Bouaké lọ sí Yamoussoukro, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ọ̀rọ̀ yìí di ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ní ọdún 2002. Ṣùgbọ́n kí ìtàn tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yà síbi tí iṣẹ́ àrójẹ ti hàn kedere jù lọ láyé òde òní, èyí ni eré ìje ọlọ́nà jíjìn.

Eré ìje Marathon jẹ́ kìlómítà 42 àti mítà 195. Èyíkéyìí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè ní ultramarathon; òmíràn jẹ́ kìlómítà 50, òmíràn 90, òmíràn 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó lè fi omi tí ó mu nílé nìkan sá irú eré bẹ́ẹ̀ parí. Ìdí nìyí tí àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀, fi máa ń tẹ́ tábìlì sí etí ọ̀nà kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn a bu omi sínú ife, wọn a gé ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, wọn a wọ́n iyọ̀ sí ọ̀dùnkún sísè. Ẹnì kan nínú wọn a máa kọ nọ́ńbà tí ó wà láyà eléré kọ̀ọ̀kan àti aago tí ó kọjá, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí ẹnì kan bá sọnù láàrin àrójẹ méjì. Iṣẹ́ tí ó le jù níbẹ̀ ni wíwo ojú. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, tí ó ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, kò ní í fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró. Olùyọ̀ǹda tí ó di ife mú ni yóò wò ó bóyá kí ó máa lọ tàbí kí ó jókòó, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ó ní láti fi wò ó.

Ọgbọ́n yìí kò dé lọ́jọ́ kan. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì tí wọ́n ṣe ní St. Louis ní Amẹ́ríkà ní 1904, James Sullivan tí ó ṣètò eré Marathon mọ̀ọ́mọ̀ dín omi ojú ọ̀nà kù, nítorí ó fẹ́ mọ ohun tí òùngbẹ ń ṣe fún ara. Ibi méjì péré ni àwọn eléré ti lè rí omi mu. Ooru mú, eruku tí ọkọ̀ àwọn alábòójútó ń tú sókè sì bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nínú àwọn 32 tí ó bẹ̀rẹ̀, 14 péré ni ó parí. Len Tau àti Jan Mashiani, ọmọ Tswana láti Gúúsù Áfíríkà, wà lára àwọn tí ó parí. Àwọn méjèèjì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó kópa nínú Òlíḿpíìkì. Ìpàtẹ tí wọ́n ṣe nípa Ogun Boer ni ó gbé wọn dé ìlú náà, kì í ṣe eré ìje. Tau ṣe ipò kẹsàn-án, Mashiani ṣe ipò kejìlá. Omi kò sì wọ́n ní St. Louis, etí odò Mississippi gan-an ni ìlú náà wà.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yí padà sí òdìkejì. Dorando Pietri, ọmọ Ítálì, ni ó kọ́kọ́ wọ pápá ìṣeré, ṣùgbọ́n agbára ti tán nínú rẹ̀. Ó gba ọ̀nà òdì, ó ṣubú, ó dìde, ó tún ṣubú. Àwọn alábòójútó àti dókítà kò lè dúró máa wò ó. Wọ́n gbé e dìde, wọ́n sì tì í lẹ́yìn títí ó fi kọjá ìlà. Ohun tí wọ́n ṣe yìí ni wọ́n fi yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, Johnny Hayes ti Amẹ́ríkà sì gba ẹ̀bùn náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kẹ́dùn Pietri, Ayaba Alexandra pàápàá fún un ní ife ẹ̀yẹ ní ọjọ́ kejì. Síbẹ̀ òfin náà kò burú tó bí ó ti dà létí. Ìrànwọ́ ojú ọ̀nà ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ dúró sí: omi ni a ń fún èrò, a kì í bá a rìn ín.

Ní Gúúsù Áfíríkà ni ultramarathon tí ó lókìkí jù ní Áfíríkà wà. Comrades ni orúkọ rẹ̀, Vic Clapham ni ó dá a sílẹ̀ ní ìrántí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kú nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, wọ́n sì kọ́kọ́ sá a ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún 1921. Nǹkan bí kìlómítà 90 ni ó jẹ́ láàrin Pietermaritzburg àti Durban. Àwọn 34 ni ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́ náà. Ní ayé òde òní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, inú ọ̀rá kékeré ni wọ́n sì ti ń fún wọn lómi, irú èyí tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń pè ní píọ̀ wọ́tà. Ṣùgbọ́n fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún, òfin eré náà kò gba aláwọ̀ dúdú tàbí obìnrin láyè. Robert Mtshali sá a ní 1935 láìní nọ́ńbà láyà, kò sì sí ìwé àṣẹ kankan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn. Ó yẹ kí èyí wà lọ́kàn òǹkàwé nígbà tí ìtàn bá dé Bouaké, nítorí kò sí ọ̀nà kan láyé yìí tí ẹnu bodè rẹ̀ kò ní olùṣọ́.

Comrades yìí náà ni ó kọ́ àwọn oníṣègùn ní ẹ̀kọ́ tí ó yà wọ́n lẹ́nu. Ní 1981, obìnrin kan tí ó ń sá eré náà ṣàìsàn dé ojú ikú, kì í sì í ṣe òùngbẹ ni ó ṣe é. Omi tí ó mu ni ó pọ̀ jù, tí ó la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tim Noakes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn nípa rẹ̀ àti nípa àwọn mẹ́ta mìíràn jáde ní 1985. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 488 wò nínú àwọn tí wọ́n sá Marathon ìlú Boston ní oṣù Kẹrin 2002, mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún ni iyọ̀ ara wọn ti lọ sílẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní í ṣòro fún ìyá ọlọ́mọ ní Nàìjíríà láti lóye, nítorí láyé ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 sí 1992, wọ́n kọ́ wọn pé ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe, omi nìkan kò tó fún un. Iyọ̀ àti ṣúgà gbọ́dọ̀ bá omi náà lọ, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n.

Ọdún 2002 yìí kan náà, kí ó tó parí, ni ọ̀nà mìíràn kún fún ènìyàn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Nọ́ńbà kò sí láyà ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire ni Bouaké wà, ní ilẹ̀ àwọn Baoulé, nǹkan bí kìlómítà 350 sí àríwá Abidjan. Ọ̀nà ni ó sọ ọ́ di ìlú ńlá. Àwọn oníṣòwò Dioula ti ń ru obì gba agbègbè náà kọjá lọ sí ìhà aṣálẹ̀ kí àwọn Faransé tó dé. Ojú irin dé ibẹ̀ ní 1912, ilé iṣẹ́ aṣọ Gonfreville sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ láàrin ọdún 1920 sí 1925. Níbi tí ọ̀nà bá pàdé, àlejò kì í wọ́n: àwọn ará Mali, Burkina Faso, Niger àti Guinea kún ìlú náà, àwọn Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Anago sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n ń tajà lọ́jà. Èjìgbò ni ọ̀pọ̀ Anago ti wá, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn baba wọn ti ń lọ sí ilẹ̀ náà, tí ó fi di pé ọmọ Èjìgbò tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè máa sọ Faransé bí ẹni ń mu omi. Ìlú tí ó ń fi ọ̀nà jẹun ni Bouaké, ó sì ti pẹ́ tí ó ti mọ bí wọ́n ti ń gba èrò.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án 2002, nígbà tí Ààrẹ Laurent Gbagbo wà ní Ítálì, àwọn ọmọ ogun kan ṣọ̀tẹ̀ ní Abidjan, Bouaké àti Korhogo lẹ́ẹ̀kan náà. Abidjan kò bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Bouaké àti Korhogo bọ́ sí i. Ọkọ̀ ojú irin tí ó ń lọ láti Abidjan sí Ouagadougou dáwọ́ dúró. Kí oṣù náà tó parí, àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Bouaké láti kó àwọn ará òkèèrè jáde, pàápàá àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 25 ni wọ́n kó àwọn ọmọ ilé ìwé àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà, inú ọkọ̀ ni àwọn wọ̀nyí sì jókòó sí dé Yamoussoukro. Láti ọjọ́ 6 sí ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ni àwọn ọmọ ogun ìjọba gbìyànjú láti gba ìlú náà padà, tí wọn kò rí i gbà. Ní àárín ọjọ́ wọ̀nyí kan náà ni wọ́n pa nǹkan bí ọgọ́ta àwọn gendarme àti àwọn ọmọ wọn tí wọ́n ti kó sí àtìmọ́lé ní Bouaké, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ Amnesty International ti tú u fó lẹ́yìn náà. Ọjọ́ 17 oṣù náà ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó fọwọ́ sí àdéhùn ìdáwọ́ ìjà dúró.

Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yìí ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde kúrò nílùú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ẹsẹ̀ rìn. Láti Bouaké sí Tiébissou, níbi tí ilẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ìjọba ti bẹ̀rẹ̀, ó lé ní kìlómítà 60. Èyí nìkan ti ju Marathon kan lọ. Ẹni tí ó bá ń bá a lọ dé Yamoussoukro ti rin nǹkan bí 100. Ultramarathon ni lójú ìwọ̀n, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kò kéré. Eléré ìje a máa fi oṣù púpọ̀ múra sílẹ̀, dókítà a yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì wọ bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Lójú ọ̀nà Bouaké, aláboyún rìn, arúgbó rìn, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú wà lẹ́yìn ìyá tí igbá ẹrù wà lórí rẹ̀, sílípáàsì ni ó sì wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Eléré ìje lè gba nọ́ńbà ayà rẹ̀ kúrò kí ó wọ ọkọ̀ lọ sílé. Àwọn wọ̀nyí, ilé ni wọ́n ń sá fún.

Ta ni ó dúró sí etí ọ̀nà fún wọn? Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ìdílé. Gbogbo àwọn tí wọ́n kọ̀wé nípa ogun náà ni ó fẹnu kò sí i pé àgọ́ kọ́ ni ọ̀pọ̀ ogunléndé ní Côte d'Ivoire sùn, bí kò ṣe ilé ìbátan, ilé ojúlùmọ̀, tàbí ilé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Yàrá tí ènìyàn mẹ́rin ń sùn tẹ́lẹ̀ di ti mẹ́wàá. Lẹ́yìn wọn ni àwọn olùyọ̀ǹda ti ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí Red Cross. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti Côte d'Ivoire. Wọ́n di egbò, wọ́n gbé ẹni tí ìbọn bà, nígbà tí ìjà sì rọlẹ̀ ní Bouaké, àwọn ni ó kó òkú tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fọwọ́ kàn kúrò nígboro. Iṣẹ́ ìkẹyìn yìí kì í sí nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn láti ṣe nídìí tábìlì omi eré ìje.

Bí ènìyàn bá sì lọ wá ìpìlẹ̀ ẹgbẹ́ náà, omi ni yóò bá níbẹ̀. Nígbà tí Henry Dunant, oníṣòwò ará Geneva, dé àgbègbè Solferino ní Ítálì ní oṣù Kẹfà 1859, tí ó bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ nílẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó rán àwọn ọmọdékùnrin lọ pọn omi. Àwọn obìnrin Castiglione ń tọ́jú ọmọ ogun Faransé àti ti Austria bákan náà, láìbéèrè ẹ̀gbẹ́ tí ó jà fún. Láti inú èyí ni ìgbìmọ̀ Geneva ti jáde ní 1863. Gbogbo òfin gígùn tí ó tẹ̀ lé e lè dàbí ọ̀rọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ìkòkò omi etí ọ̀nà ni wọ́n fi kọ́ ọ.

Yorùbá ní omi kò lọ́tàá. Ní Côte d'Ivoire ní 2002, wọ́n dán ọ̀rọ̀ náà wò. Láti 1994, nígbà tí ìjọba Henri Konan Bédié yí òfin ìdìbò padà, ni àwọn olóṣèlú ti ń bi ara wọn léèrè ta ni ọmọ ilẹ̀ náà gan-an, wọ́n sì ń pe èrò náà ní ivoirité. Nígbà tí ogun dé, ìbéèrè yìí sọ̀ kalẹ̀ láti orí ìwé, ó sì dúró sí ibi ìdènà ojú ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Ouattara, Coulibaly, Traoré: orúkọ àríwá. Kouassi, Kouamé, Konan: orúkọ Baoulé. Orúkọ tí ó gba ènìyàn là ní ìdènà kan lè kó bá a ní èkejì, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà kan náà ni ìdènà méjèèjì wà. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó bu omi fún èrò kò ṣe nǹkan kékeré. Àwọn ọmọ ogun ìhà kan lè sọ pé ọlọ̀tẹ̀ ni ó ń bọ́. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà lè sọ pé amí ìjọba ni.

Kì í sì í ṣe pé àwọn olùyọ̀ǹda kì í béèrè orúkọ. Wọ́n ń béèrè. Ẹgbẹ́ Àgbélébùú Pupa a máa kọ orúkọ ọmọ tí ó sọnù, orúkọ ìyá rẹ̀, àdúgbò tí wọ́n ti ya ara wọn, kí wọ́n lè wá wọn kàn. Kálámù kan náà ni, ìwé kan náà ni. Ọmọ ogun tí ó wà níbi ìdènà ń béèrè orúkọ kí ó lè yọ ènìyàn sọ́tọ̀. Olùyọ̀ǹda ń béèrè rẹ̀ kí ó lè dá a padà fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń kọ nọ́ńbà nídìí tábìlì Comrades ni èyí bí ènìyàn bá wò ó dáadáa: kí ẹnikẹ́ni má sọnù láàrin àrójẹ méjì. Ètò tí ó wà lẹ́yìn ìbéèrè ni ó yàtọ̀, àti ìgbà tí wọ́n béèrè rẹ̀. Ní àrójẹ, èèyàn a kọ́kọ́ mu omi.

Àwọn kan wà tí wọn kò tilẹ̀ lè dé ọ̀nà náà. Lẹ́yìn ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, àwọn kan nínú ìjọba ń sọ pé àjèjì ni ó mú ogun wá. Ní Abidjan, wọ́n jó àwọn àdúgbò onílé pákó tí àjèjì pọ̀ sí, wọ́n sì lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde. Ní oṣù Kọkànlá, ìjọba Burkina Faso bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sílé nínú ètò tí wọ́n pè ní Bayiri. Fún ará Burkina, ará Mali tàbí Anago tí ó wà ní Bouaké, ìdènà Tiébissou ni ó ń bani lẹ́rù ju kìlómítà 60 lọ. Ìhà àríwá ni ọ̀nà tí ó kù fún wọn, ó sì jìnnà: láti Bouaké dé Èjìgbò bí ènìyàn bá gba Burkina Faso yí ká, Marathon mélòó ni ó wà nínú rẹ̀? Àwọn kan gba ibẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn jókòó ti ọjà wọn lábẹ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ìròyìn àwọn àjọ ìrànwọ́ ka àwọn tí ó dé Yamoussoukro. Àwọn tí kò lè lọ síbẹ̀ kò bọ́ sínú kíkà.

Ohun mìíràn tún wà tí ó ya Bouaké sọ́tọ̀ sí eré ìje, ó sì yẹ kí ìtàn fara balẹ̀ lé e lórí. Tábìlì omi eré ìje a máa ká nílẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Ti Bouaké kò ká nílẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti sá lọ sí gúúsù, dókítà àti olùkọ́ sì wà lára wọn. Àwọn oníṣègùn Médecins Sans Frontières ni ó wá gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ìlú náà, ìgbìmọ̀ Àgbélébùú Pupa ti Geneva sì ń kó oògùn tí wọ́n fi ń fọ omi mọ́ wá fún SODECI, ilé iṣẹ́ omi, kí ẹ̀rọ omi àríwá má baà dákẹ́. Ṣùgbọ́n nílé ìwé, àwọn ọ̀dọ́ tí ó kàwé díẹ̀ ni ó dúró níwájú ọmọ, àwọn tí wọ́n ń pè ní bénévole. Kò sí owó oṣù. Ohun tí òbí bá mú wá ni wọ́n ń jẹ. Nígbà tí àlàáfíà padà dé, wọ́n lọ sọ fún ìjọba pé kí ó gbà wọ́n síṣẹ́, wọ́n sì fi ọdún púpọ̀ sọ ọ́. Àwọn kan wí pé ẹni tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ sí owó. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn-ún gbọ́. Ẹni tí ó pọn omi sí ìkòkò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ti yọ̀ǹda. Ẹni tí ó pọn ọ́n fún ọdún márùn-ún, tí kò sì ní oko tí ó ń dá, kí ni òun náà yóò mu?

Ní oṣù Kọkànlá 2004, ìjọba gé iná àti omi àríwá fún ọjọ́ mélòó kan, bí ọkọ̀ òfuurufú ogun rẹ̀ ti ń ju bọ́ǹbù. Ní ọjọ́ 6, bọ́ǹbù bọ́ sórí ibùdó Faransé ní ilé ìwé Descartes ní Bouaké, ọmọ ogun Faransé mẹ́sàn-án àti òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ kan tí ó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kú. Gbogbo ayé ni ó gbọ́ ti bọ́ǹbù náà. Àwọn tí ń tọ kànga kiri pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì ní ọ̀sẹ̀ náà, wọn kò gbà ju ìlà kan tàbí méjì lọ nínú ìwé ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ìlú odidi ni wọ́n. Wọ́n ti sọ omi di ohun ìjà, gẹ́gẹ́ bí Sullivan ti sọ ọ́ di ohun ìdánwò ní St. Louis ní ọgọ́rùn-ún ọdún gééré ṣáájú.

Àdéhùn Ouagadougou dé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 2007. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún náà, Didier Drogba àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè náà gba bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Madagascar ní Bouaké, wọ́n sì fi góòlù márùn-ún sí òdo lù wọ́n. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, Gbagbo àti Guillaume Soro tí ó ti jẹ́ olórí ọlọ̀tẹ̀ dáná sun ìbọn ní pápá ìṣeré ìlú náà. Ọ̀rọ̀ omi kò sì tíì parí síbẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, adágún Loka tí Bouaké ti ń rí apá tí ó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ gbẹ, ọkọ̀ agbómi sì ń yí àdúgbò ká fún oṣù mélòó kan. Àwọn tí ó dúró lórí ìlà pẹ̀lú bàsíà nígbà náà, àwọn àgbà inú wọn ti dúró bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì 2024, Nàìjíríà àti Gúúsù Áfíríkà pàdé ní pápá ìṣeré Stade de la Paix ní Bouaké, ní ìpele kejì sí àṣekágbá ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Pẹnáríìtì ni ó parí rẹ̀, Nàìjíríà sì borí pẹ̀lú mẹ́rin sí méjì. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ti Abidjan lọ wò ó gba Yamoussoukro kọjá, wọ́n gba Tiébissou kọjá, inú ọkọ̀ ni wọ́n sì wà tí wọ́n ń kọrin. Kìlómítà 60 tí ó kù yẹn kò gbà wọ́n ju nǹkan bí wákàtí kan lọ.